Ihò Kẹrin

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Alásìá nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sì jẹ́ ẹni ogún ọdún. Bàbá wọn ti kú ṣáájú. Ẹ̀gbọ́n yìí ló ń fọ aṣọ rẹ̀, òun ló ń gé èékánná rẹ̀, òun náà ló ń jókòó tì í nírọ̀lẹ́ títí ó fi máa parí ìṣirò tí tíṣà ní kí ó ṣe wá. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ló ń kọ́ nígbà náà. Bó bá ti ilé ìwòsàn dé, á bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ọmọ ìyá mi, ọmọ méjì ni mo gbà lónìí. Ọ̀kan ń ké bíi tìẹ gẹ́lẹ́." Ọ̀rọ̀ yìí máa ń pa Alásìá lẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń gbọ́ ọ.

Kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Alásìá. Iṣẹ́ ló fún un lórúkọ. Ọ́fíìsì tó ń mójú tó odò àti àkùrọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé, tó fẹ́ la ọ̀nà, tàbí tó fẹ́ da yẹ̀pẹ̀ síbi tó sún mọ́ omi, Alásìá ni wọ́n máa rán lọ wo ibẹ̀. Òun ló máa sọ ibi tí ilẹ̀ gbígbẹ parí sí àti ibi tí àkùrọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, á sì ri àwọn àsíá pupa kéékèèké mọ́ ojú ààlà náà. Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń ri àsíá mọ́lẹ̀. Àwọn bíríkìlà tí kò fẹ́ rí i sójú ló kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ìyàwó rẹ̀ pàápàá ń pè é ní Alásìá bí inú rẹ̀ bá dùn.

Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ìwé àṣẹ kan ṣoṣo ló wà. Àwọn ará ọ́fíìsì mọ̀ pé oríṣiríṣi ni. Ilé tí kò bá fara kan àkùrọ̀ rárá, lẹ́tà ojú ìwé kan ló máa gbà. Èyí tó bá gba díẹ̀ lára àkùrọ̀, tí díẹ̀ náà kò ju ìwọ̀n yàrá méjì lọ, ìwé àṣẹ kékeré ló máa gbà, kì í sì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ. Àmọ́ bó bá fi ẹsẹ̀ bàtà kan kọjá ìwọ̀n yẹn, ó ti di ìwé àṣẹ ńlá. Ìyẹn ní ìkéde nínú ìwé ìròyìn, ó ní ìpàdé tí gbogbo èèyàn lè wá. Àwọn tó mọ̀ nípa ẹja á sọ tiwọn, àwọn tó ń wo bí omi ṣe mọ́ tó á kọ lẹ́tà tiwọn, àwọn tó ń ṣírò ibi tí àkúnya omi lè dé á sì ní kí wọ́n lọ tún àwòrán ilé yà. Àwàdà àwọn akọ̀wé ni pé bí aláboyún bá béèrè ìwé àṣẹ ńlá, ọmọ inú rẹ̀ á ti máa sáré kiri kí ìwé náà tó jáde.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti di Agbẹ̀bí fún gbogbo àdúgbò. Ọkọ rẹ̀ ti kú, òun fúnra rẹ̀ kò sì bímọ, ṣùgbọ́n kò sí òpópónà tó lè gbà kọjá tí ẹnì kan ò ní sáré wá kí i. Á ní, "Ẹ wo gbogbo àwọn ọkùnrin tó ń fi mọ́tò ṣe yanga wọ̀nyí. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbá wọn nídìí." Yàrá méjì tó rẹ́ǹtì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà ló ti ń gbẹ̀bí, òun àti obìnrin kan tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ tí kò sì lọ mọ́, ẹni tí wọ́n ń pè ní Nọ́ọ̀sì Kékeré. Bí wẹ́dà bá ń lu irin lódì kejì ògiri, Agbẹ̀bí á ní kí obìnrin tó ń rọbí máa fi ìró náà ka èémí rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí irin náà wúlò fún wa," lohun tó máa ń sọ.

Onílé wá ní òun fẹ́ gba yàrá òun padà fún ọmọ òun tó fẹ́ gbéyàwó. Ó fún un ní ọdún kan. Agbẹ̀bí kò bá a jà. Ilẹ̀ kan wà tí bàbá wọn fi sílẹ̀ nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, tí odò kékeré kan ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó lọ bá ayàwòrán-ilé, wọ́n sì ya ilé ìgbẹ̀bí kan síbẹ̀: bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà, yàrá ìrọbí, balùwẹ̀ méjì, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwọn ọkọ lè jókòó sí.

Ọjọ́ Sunday kan ló gbé àwòrán náà wá sílé Alásìá. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìjẹun, ó fi ife tíì méjì tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Wo ẹnu ọ̀nà yìí," ló wí. "Ó fẹ̀ tó kí wọ́n gbé obìnrin gbà á kọjá láì yí i nàró bí àga."

Alásìá wò ó. Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ojú iṣẹ́ kò jẹ́ kí ó gbádùn rẹ̀ tán. Ó fi ìka tọ́ ẹ̀yìn ilé náà. "Apá ibí ti wọ àkùrọ̀, Àǹtí."

"Mo mọ̀. Kí lo rò pé mo rán ẹ lọ síléèwé fún?"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín, títí kan ìyàwó Alásìá tó ń gé búrẹ́dì. Alásìá fi ojú wọn àwòrán náà. Ó ní ó jọ pé ìwọ̀n tó wọ àkùrọ̀ kò ní ju ti ìwé àṣẹ kékeré lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí oṣù méjì tó pé, bíríkìlà á ti wà lórí iṣẹ́.

"Ìwọ lo máa wá wọ̀n ọ́n?"

"Ó yẹ kó jẹ́ ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́ ni. Mi ò gbọdọ̀ wọn ilẹ̀ tiwa."

Ṣùgbọ́n ẹnìkejì rẹ̀ ti já sínú gọ́tà níbi tó ti ń wọn ilẹ̀ ẹlòmíì, ó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, oṣù mẹ́ta ni dókítà ní kó fi jókòó. Alásìá lọ bá ọ̀gá rẹ̀ lọ́fíìsì, ó sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n òun, ọmọ ìyá òun, ló ni fáìlì náà. Ọ̀gá yìí jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Bí mo bá ní ká dúró de ẹni tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, ẹ̀gbọ́n ẹ ló máa jìyà rẹ̀. Lọ wọ̀n ọ́n. Màá kọ ọ́ sínú fáìlì pé mo mọ̀. Àmọ́, Alásìá, wọ̀n ọ́n dáadáa o. Èèyàn máa ka ìwé yìí, wọ́n á fẹ́ mọ ìdí tí orúkọ bàbá yín fi wà lára ilẹ̀ tó o wọ̀n."

Bó ṣe ń jáde, ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé ní, "Ẹ̀gbọ́n Alásìá á gbàwé kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́." Àwàdà ni, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ lé e délé.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n jọ lọ sórí ilẹ̀ náà ní òwúrọ̀. Agbẹ̀bí da kọ́rọ́bá kan dojú dé, ó jókòó lé e, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ bí ẹni tó wá wo bọ́ọ̀lù. Alásìá wọ bàtà rọ́bà, ó gbé irin gígùn rẹ̀ tó ń yí wọnú ilẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ló máa ń wò: irú koríko tó wà lókè, ibi tí omi máa ń dé lásìkò òjò, àti àwọ̀ ilẹ̀ nísàlẹ̀. Koríko lè parọ́, omi lè gbẹ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí omi ti ń dúró sí láti ọdún pípẹ́ kì í yí àwọ̀ rẹ̀ padà bọ̀rọ̀. Eérú ni àwọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú àmì pupa wínníwínní nínú rẹ̀ bí ìpẹtà ìṣó.

Ó gbẹ́ ihò àkọ́kọ́ lẹ́bàá odò. Eérú. Ó gbẹ́ èkejì ní ìṣísẹ̀ méjìlá sókè. Eérú síbẹ̀. Ìkẹta, ilẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ló jáde, ó gbẹ, ó ń fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ààlà ti hàn nìyẹn, ó sì ri àsíá mọ́ ọn. Ó fa téèpù, ó ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé: ìwọ̀n tí ilé máa gbà lára àkùrọ̀ kéré sí ti ìwé àṣẹ kékeré, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kó kọjá.

Òfin ní ihò mẹ́ta ti tó fún ilẹ̀ tí kò ju báyẹn lọ. Ihò mẹ́ta ló ti gbẹ́ fún gbogbo èèyàn láti ọdún mọ́kàndínlógún. Ó ti ń nu irin rẹ̀ nígbà tó rí ìdì koríko odò kan lápá òsì, lókè ibi tó ri àsíá sí. Kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Ká ní ilẹ̀ àlejò ni, á kọjá lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí ojú tí ọ̀gá fi wò ó, ó rántí ẹ̀rín àwọn akọ̀wé, ó sì gbé irin rẹ̀ lọ síbẹ̀.

"Kí lo tún ń wá?" ni Agbẹ̀bí béèrè. "Wúrà?"

"Mo kàn fẹ́ kó dá mi lójú ni."

Irin wọlé. Nígbà tó fà á jáde, òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ bá a jáde, ilẹ̀ náà sì rí bí eérú tí wọ́n da omi sí, pẹ̀lú ìpẹtà tó là á já. Omi kan wà lábẹ́ ibẹ̀ tó ń sun wá láti ara gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Alásìá dúró. Ó lè fi ẹsẹ̀ lásán da yẹ̀pẹ̀ náà padà sínú ihò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò mọ ohun tí àwọ̀ yẹn túmọ̀ sí, kò sì sí ẹlòmíì níbẹ̀. Ó mú ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ihò kẹrin, eérú. Ó fa àsíá pupa méjì yọ, ó gbé wọn lọ sókè ní mítà mẹ́rin.

Kò sọ fún un lọ́jọ́ yẹn. Ó ní òun máa lọ ṣírò rẹ̀. Lẹ́tà ọ́fíìsì ló sọ fún un lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e: ìwé àṣẹ kékeré kò ṣeé ṣe, kí ó béèrè fún ńlá.

Agbẹ̀bí wá sílé rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí lẹ́tà dé. Kò jókòó.

"Mítà mẹ́rin," ló wí.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká dín bẹ́ẹ̀dì kù. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin. Bí ẹ bá ká ẹ̀yìn ilé wọlé díẹ̀, ìwé kékeré á gbà á."

"Obìnrin márùn-ún ni mo ní nílẹ̀ lánàá. Èwo nínú wọn ni kí n ní kó lọ máa rọbí ní ìta?"

"Kì í ṣe bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyí."

"Ta ló wá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀? Ìwọ lo gbé irin dání." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Ì bá sàn fún Alásìá ká ní ó lọ sókè. "Ọdún mélòó ni mo fi fọ aṣọ ẹ? Mi ò ka iye ọdún náà sí ẹ lọ́rùn rí. Mi ò ní kà á lónìí náà. Mo kàn béèrè ni."

Ìyàwó Alásìá gbé àga fún un. Ó dúpẹ́, kò jókòó, ó sì lọ.

Ó béèrè fún ìwé àṣẹ ńlá náà. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà ló fi síbẹ̀, kò dín ọ̀kan. Alásìá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fáìlì náà mọ́, ṣùgbọ́n ó ń rí i bó ṣe ń ti orí tábìlì kan bọ́ sórí òmíràn. Ìkéde jáde nínú ìwé ìròyìn. Wọ́n ṣe ìpàdé; ọkùnrin kan tó ń gbé nísàlẹ̀ odò dìde, ó ní ẹ̀rù ń ba òun pé omi á wọ yàrá òun. Wọ́n ní kí wọ́n tún ìṣirò àkúnya omi ṣe. Ẹni tó ń wo ọ̀rọ̀ ẹja lọ fún ìsinmi, ó sì pẹ́ kó tó dé. Wọ́n ní kí Agbẹ̀bí wá àkùrọ̀ mìíràn tó ti bàjẹ́, kí ó tún un ṣe dípò èyí tó fẹ́ gbà. Ó wá a. Wọ́n ní èyí tó wá kò tó. Gbogbo ẹni tó fọwọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìwé wọ̀nyí ló ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Alásìá mọ̀ wọ́n, kò sí èèyàn burúkú nínú wọn.

Ọdún tí onílé fún un pé. Agbẹ̀bí kó àwọn bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ sílé ara rẹ̀. Ó kó àga pálọ̀ síta, ó to bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta síbẹ̀, ó sọ yàrá tó ń sùn di yàrá ìrọbí, òun fúnra rẹ̀ sì ń sùn lórí ẹní ní kíṣíìnì. Nọ́ọ̀sì Kékeré ló wá sọ fún Alásìá lọ́fíìsì.

"Bùrọ̀dá, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Wọn ò sinmi. Ẹsẹ̀ wọn ti wú, wọ́n ní bàtà ló ń fún wọn."

Alásìá lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó ra búrẹ́dì àti mílíìkì dání. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó ti rù, ó so aṣọ funfun mọ́dìí, ọwọ́ rẹ̀ tutù fún omi ọṣẹ. Obìnrin kan ń kérora lẹ́yìn rẹ̀.

"O káre," ló wí, ó gba àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Àlejò ò lè wọlé báyìí. Ẹnì kan ń rọbí."

Ó ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́. Alásìá rìn lọ sílé lẹ́sẹ̀, kò wọkọ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ni Àǹtí sọ, ó ní, "Wọ́n pè mí ní àlejò." Ìyàwó rẹ̀ ní inú ló ń bí wọn, á tán. Ó fún un ní omi mu. Fún oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, bí Alásìá bá fẹ́ mọ bí ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe rí, Nọ́ọ̀sì Kékeré ló ń bi.

Òun náà ló pe Alásìá lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ kan. Agbẹ̀bí ń fọ àwọn abọ́ ìgbẹ̀bí lẹ́yìn ilé nígbà tó ṣubú. Kí Alásìá tó dé ilé ìwòsàn, apá ọ̀tún rẹ̀ ti kú tán, láti èjìká dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru láti ìgbà pípẹ́. Ó béèrè bóyá ó ń lo oògùn. Nọ́ọ̀sì Kékeré ní ó ń lò ó, bó bá rántí.

Ojoojúmọ́ ni Alásìá ń lọ síbẹ̀ bó bá ti jáde níbi iṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ń lọ láàárọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Agbẹ̀bí kò lè sọ̀rọ̀. Alásìá á fi aṣọ tútù nù ún lójú, á gé èékánná rẹ̀, á jókòó. Bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé tirẹ̀, obìnrin kan tó ti dàgbà ló wà níbẹ̀, ó bi í bóyá ọmọ rẹ̀ ni. Alásìá kò mọ ìgbà tó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń tì í láti inú. Ìrọ̀lẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ ń mi kọ́tìnì wọ́ọ̀dù náà.

"Mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan kan," ló wí.

"Ẹ bi mí, Àǹtí."

"Ihò tó o gbẹ́ gbẹ̀yìn yẹn. Ká ní ilẹ̀ ẹlòmíì ni, ṣé wàá gbẹ́ ẹ?"

Alásìá mọ̀ pé òun lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọ̀tún tó wà lórí aṣọ ìbora, tí kò lè fi mú nǹkan kan mọ́.

"Rárá," ló wí. "Mi ò ní gbẹ́ ẹ. Mẹ́ta ni mo máa ń gbẹ́."

"Torí pé èmi ni lo ṣe gbẹ́ ẹ."

"Torí pé ẹ̀yin ni. Ẹ̀rù bà mí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní mo ṣe ojúsàájú."

Agbẹ̀bí pa ojú dé. Alásìá rò pé ó ti sùn.

"Ó dáa," ló wá wí. "Mo ti rò ó pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ ni."

"Ẹ dárí jì mí."

"Omi wà níbẹ̀ àbí kò sí níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Kí lo wá ní kí n dárí rẹ̀ jì ẹ́? O ò parọ́." Ó sinmi, ó mí. "Ṣùgbọ́n inú bí mi. Inú ṣì ń bí mi. Má rò pé torí mo dùbúlẹ̀ síbí ni inú mi ṣe yọ́. Bá mi gbé ìrọ̀rí yìí sókè."

Alásìá gbé e sókè. Ó fẹ́ yọ ọwọ́ kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì fi ọwọ́ òsì tó kù fún un di apá aṣọ rẹ̀ mú, ó dì í mú bẹ́ẹ̀ títí nọ́ọ̀sì fi wá sọ pé àsìkò ti tó. Wọn kò sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà mọ́. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ní kí Alásìá sọ fún Nọ́ọ̀sì Kékeré kó má gbàgbé obìnrin tó ń gbé lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé, torí ìdí ọmọ inú rẹ̀ ló kọ sí ìsàlẹ̀, kì í ṣe orí. Ọ̀rọ̀ tí Alásìá gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn nìyẹn. Ó kú láàárọ̀ ọjọ́ Thursday, nígbà tí ìyàwó Alásìá ń fi ṣíbí fún un ní tíì. Alásìá wà lórí ilẹ̀ ẹnì kan tó fẹ́ kọ́ afárá, ó wà nínú omi dé orúnkún.

Èrò pọ̀ níbi ìsìnkú náà ju ohun tí ẹnikẹ́ni rò lọ. Àwọn obìnrin pọn ọmọ wá. Wọ́n kí ìyàwó Alásìá, wọ́n kí Nọ́ọ̀sì Kékeré, wọ́n sì kí Alásìá náà, torí òun ni ọmọ ìyá òkú. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ obìnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ tó ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Àbúrò tí kò jẹ́ kó kọ́lé nìyẹn." Kò yíjú wẹ̀yìn. 

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìyẹn, ìwé àṣẹ ńlá jáde. Ọ̀gá pe Alásìá wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì fún un ní ìwé náà. Ojú ìwé mẹ́tàdínlógún ni. Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lókè, wọ́n kọ ọ́ láì ṣi lẹ́tà kan. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà. Wọ́n gbà fún un pátápátá, bó bá lè fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ fún omi tó ń sun láti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti gba abẹ́ ilé kọjá.

"Ó ṣeé gbé fún ẹlòmíì," ni ọ̀gá wí. "Ẹni tó bá ni ilẹ̀ báyìí máa fọwọ́ síwèé kan ni. Ọdún méjì ló ní láti fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Alásìá ló ni ilẹ̀ náà báyìí. Kò sí ẹlòmíì tó kù. Ó gbé ìwé náà lọ bá Nọ́ọ̀sì Kékeré, ẹni tó ń kó ẹrù sínú páálí ní pálọ̀ Agbẹ̀bí. Ó ní òun á fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún un, òun á kọ ọ́ sínú ìwé, kó kọ́ ilé náà bí Àǹtí ṣe fẹ́ ẹ.

Nọ́ọ̀sì Kékeré ka ojú ìwé àkọ́kọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tó ti ká ẹní rẹ̀ kúrò.

"Bùrọ̀dá, ẹ ṣeun. Ilé ìwòsàn ńlá ti gbà mí síṣẹ́. Ọjọ́ Monday ni mo máa bẹ̀rẹ̀."

"O lè ronú sí i. Ọdún méjì ṣì wà."

"Mo ti ronú." Ó dá ìwé náà padà fún un. "Gbogbo àárọ̀ ni Mọ́mì ń bi mí pé ṣé lẹ́tà ti dé. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin. Bí mo bá kọ́ ọ, gbogbo àárọ̀ ni màá máa gbọ́ ọ. Mi ò lè ṣe é."

Alásìá kò bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó bá a gbé páálí méjì dé ibi ọkọ̀.

Ó ní kí ọ̀gá gbé òun kúrò nídìí ilẹ̀ wíwọ̀n. Ọ̀gá bi í bóyá ó dá a lójú, ó ní ó dá òun lójú. Wọ́n gbé e lọ sí yàrá fáìlì nísàlẹ̀, níbi tí fèrèsé kan ṣoṣo wà. Ẹni tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ti padà, wọ́n sì gba ọ̀dọ́bìnrin kan kún un, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Ní ìgbà méjì tàbí mẹ́ta, ó wá bi Alásìá léèrè ohun kan nípa àwọ̀ ilẹ̀. Alásìá dá a lóhùn, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké. Kò bá a lọ wò ó.

Ọdún méjì náà pé ní ọjọ́ Tuesday kan. Fáìlì Agbẹ̀bí wà lára fáìlì mọ́kànlá tí àkókò wọn ti kọjá, tí wọ́n kó wá sórí tábìlì rẹ̀ láàárọ̀. Wọ́n lè sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú ní ẹ̀ẹ̀kan, bí ẹni tó ni ilẹ̀ bá kọ̀wé. Alásìá ti kọ ìwé náà sílẹ̀ lóṣù tó kọjá, kò mú un lọ fún ẹnikẹ́ni. Agbẹ̀bí kan kò sí tó fẹ́ ẹ. Òun alára kò mọ ohun tí èèyàn ń ṣe bí ọmọ bá ń bọ̀.

Ó lu òǹtẹ̀ ìparí mọ́ mẹ́wàá. Ó gbé ìkọkànlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó lọ mu omi, ó padà wá. Ó ṣí i, ó rí àwòrán ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ yà, pẹ̀lú ìsọfúnni àwọn ihò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó pa á dé. Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó kọ ọjọ́ oṣù síbẹ̀, ó sì gbé e lọ sórí pẹpẹ, láàárín ti ọkùnrin kan tó fẹ́ ṣe èbúté fún ọkọ̀ ojú omi àti ti ilé iṣẹ́ kan tó fẹ́ la pópó.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ ń yọ ẹ̀wà nínú omi. Ó wo ojú rẹ̀.

"Ṣé kò sí nǹkan?"

"Mo ti fáìlì Àǹtí pa lónìí."

Ìyàwó rẹ̀ nu ọwọ́ rẹ̀, ó wá jókòó tì í. Kò pè é ní Alásìá. Ó ti pẹ́ tó ti pè é bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó bi í bóyá ó fẹ́ jẹun báyìí tàbí tó bá di alẹ́, ọkọ rẹ̀ sì ní alẹ́ ti dáa.